Ṣé ìlú tuntun lè dá èrò ìlú ńlá dúró? Ìdáhùn fún òṣìṣẹ́ ètò ìlú kan

Ìbéèrè: "Ẹ̀ka ètò ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìlú tó tóbi jù ní ẹkùn wa ń fẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé ti dí ọ̀nà, omi ò tó, gọ́tà ò sí. Àwọn ọ̀gá wa ti pinnu láti kọ́ ìlú tuntun síbi tí nǹkan kan ò sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbé ilé iṣẹ́ irin ńlá kan síbẹ̀, káwọn ará oko lè máa lọ síbẹ̀ dípò kí wọ́n máa rọ́ wá sí ìlú ńlá. Wọ́n ní kí n kọ èrò mi wá kí oṣù tó parí. Ṣé irú ètò báyìí ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí? Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ni kí n ní kí wọ́n ṣe? Níbo ni owó rẹ̀ á sì ti wá?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí kí n tó tú u palẹ̀. Ìlú tuntun yẹn lè dìde, ó tiẹ̀ lè kún bámúbámú, àmọ́ kò ní dá ìlú ńlá yín dúró. Bó bá jẹ́ pé owó rẹ̀ wà nílẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti fi gba ilẹ̀ ọ̀nà sílẹ̀ yí ìlú tó ti wà ká, kí ẹ sì fi òmíràn tún ọ̀nà àti ọjà ṣe ní àwọn ìlú kéékèèké táwọn àgbẹ̀ ti ń ná. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni ǹ bá kọ síwèé ká ní èmi ni wọ́n bi.

Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀gá yín nínú. Ìlú tuntun ṣeé yà sí pátákó gàdàgbà lẹ́bàá títì. Ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n kàn ri òkúta ààlà mọ́, tí wọ́n ní ọ̀nà máa gbabẹ̀ lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ta ló fẹ́ wá ṣí i?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará oko tí wọ́n di ẹ̀bi rù. Lóòótọ́ ni wọ́n ń wá. Àmọ́ láti ọdún 1979 ni Samuel Preston, onímọ̀ nípa iye èèyàn, ti fi hàn pé ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí sínú ìlú ló ń mú kí èrò ìlú pọ̀ ju àwọn tó ń ṣí wá lọ. Ẹ tún ro ti àwọn abúlé tí ìlú gbé mì mọ́ ọn: ìkànìyàn tó kọjá pè é ní abúlé, ti ọdún yìí pè é ní àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ò gbé ẹrù kúrò lójú kan.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ìlú tó bá ń fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún á di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 14. Ká ní idán ìlú tuntun yín jẹ́, tó dín in kù sí 3.5, á di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 20. Ọdún mẹ́fà péré ni gbogbo owó yẹn rà fún yín. Ìlọ́po méjì ilé, ìlọ́po méjì omi àti ìlọ́po méjì ọ̀nà náà ni ẹ ṣì máa wá.

Àwọn kan ti fi agbára dí ọ̀nà rí. Láti 1958 ni Ṣáínà ti ní òfin ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hukou, tó so kálukú mọ́ ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. South Africa fi òfin ìwé ìrìnnà dá àwọn aláwọ̀ dúdú dúró lẹ́yìn odi ìlú títí wọ́n fi fagi lé e ní 1986. Nígbà tí iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ ní àwọn ìlú etíkun Ṣáínà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù èèyàn ṣì wá. Ohun tí òfin náà kàn ṣe ni pé ó sọ wọ́n di àlejò nínú ìlú tí wọ́n ń kọ́, tí ọmọ wọn ò rí ilé ìwé ìjọba wọ̀ bó ṣe yẹ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ní 1964, ní Kẹ́ńyà, ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan nítorí àwọn tí ò ríṣẹ́ ṣe ní ìlú. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni á fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún òṣìṣẹ́ wọn, ìjọba á fi 15 kún tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà ò sì ní béèrè àfikún owó. Ìròyìn dé ìgbèríko, èrò wọ́ wá, àwọn tó ń wáṣẹ́ kiri sì tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1970, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, John Harris àti Michael Todaro, fi ìṣirò ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. Ká ní oko ń mú owó kan wọlé fún ẹnì kan, tí iṣẹ́ ìlú ń mú irú rẹ̀ mẹ́ta wọlé. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan nínú méjì ló máa ríṣẹ́, ìdajì mẹ́ta ṣì ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó di ẹrù rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ṣe ìṣirò kó tó wọ ọkọ̀. Ìlú tuntun yín náà á ṣe bẹ́ẹ̀: á pe èrò tó ju iye iṣẹ́ tó ní lọ, àwọn tí ò rí i ṣe á sì kọ́ ilé pákó sẹ́yìn ògiri rẹ̀.

Ìyẹn gbé wa dé orí ilé iṣẹ́ irin. Èrò náà ní bàbá, François Perroux lorúkọ rẹ̀, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Faransé. Ní 1955 ó kọ ọ́ pé ìdàgbàsókè kì í yọ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan ló ti máa ń sọ kó tó ràn ká. Àwọn tó kà á bọ́ sórí máàpù, wọ́n mú pẹ́ńsùlù, wọ́n ń ṣàmì síbi tí ojú náà máa wà. Bẹ́ẹ̀ Perroux fúnra rẹ̀ kọ́ ló ní kí wọ́n wá ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń rajà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, tó sì ń tà fún ọ̀pọ̀, ló ń wí, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá sáré, àwọn yòókù á bá a sáré. Okùn rírà àti títà yẹn ni ohun tó ń pè ní òpó ìdàgbàsókè. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e kà kọ́.

Ní 1961, Venezuela dá Ciudad Guayana sílẹ̀ níbi tí odò Caroní ti wọ Orinoco. Irin wà nínú òkè, iná mànàmáná wà nínú odò, àwọn ọ̀mọ̀wé láti yunifásítì MIT àti Harvard ní Amẹ́ríkà sì wá bá wọn ya ìlú náà. Ìlú dìde, ẹ má gbàgbé ìyẹn o. Àmọ́ àwọn tálákà kún San Félix ní ìlà-oòrùn odò, ilé iṣẹ́ irin wà ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn tó ń ya ìlú sì jókòó sí Caracas, olú ìlú tó jìnnà réré. Lisa Peattie, onímọ̀ nípa ìgbé ayé àwùjọ tó wà lára ikọ̀ náà, ló kó lọ gbé láàárín àwọn tálákà ibẹ̀. Ohun tó rí lójúde ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí lórí tábìlì.

Irin jẹ́ iṣẹ́ tó ń gba owó ju bó ṣe ń gba èèyàn lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi wọ́n: ta ló máa ta àpò, igi àti oúnjẹ òṣìṣẹ́ fún un? Ta ló máa tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe bó bá kọṣẹ́? Ta ló máa ra irin rẹ̀ láàárín 100 kìlómítà sí i? Bí ìdáhùn gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ "láti òkè òkun" tàbí "láti ìlú ńlá", a jẹ́ pé ọ̀pá lásán lẹ fẹ́ rì mọ́lẹ̀.

Ohun míì tún wà tí kì í hàn lójú máàpù. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Gunnar Myrdal ní 1957 àti Albert Hirschman ní 1958, sọ ohun tó jọra: ibi tó bá ń dàgbà máa ń fa owó, ọ̀dọ́ àti ọlọ́gbọ́n kúrò ní àyíká rẹ̀ kó tó máa fún wọn ní nǹkan padà. Hirschman gbà pé bópẹ́bóyá, fífúnni á borí fífà. Myrdal ò gbà. Ó ní láìjẹ́ pé ìjọba dá sí i, fífà ló máa borí. Èmi wà lẹ́yìn Myrdal. Ọ̀nà ọ̀dà tí ẹ gbé dé ìgbèríko á gbé irè oko jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ilé iṣẹ́ ìlú á gba orí rẹ̀ wọlé wá, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ níbẹ̀ á sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé kí ẹ má la ọ̀nà. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ bi mí bóyá ó ti ṣiṣẹ́ rí. Àwọn olú ìlú tuntun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ṣí Brasília, olú ìlú tuntun Brazil, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1960, 500,000 èèyàn ni wọ́n sì yà á fún. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ọ ńkọ́? Kò síbi tí wọ́n yà fún wọn. Wọ́n pàgọ́, wọ́n pọ̀, ìjọba ò rí wọn lé, ló bá di dandan láti dá Taguatinga sílẹ̀ fún wọn ní 1958, nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó ṣí olú ìlú fúnra rẹ̀. Ìlú àwọn tó kọ́lé ti dé kí ìlú àwọn tó ni ilé tó dé! Lónìí, agbègbè olú ìlú náà ní ju mílíọ̀nù 2.8 èèyàn lọ gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2022, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni ò sì gbé inú ibi tí àwòrán ìlú tí wọ́n yà níbẹ̀rẹ̀ dé. São Paulo, ìlú tó tóbi jù ní Brazil, ò sì dúró. Òfin Abuja jáde ní 1976, ìjọba kó lọ ní oṣù kejìlá 1991, Lagos ń fẹ̀ lọ. Tànsáníà yan Dodoma ní 1973, Dar es Salaam ò yéé dàgbà. Ó lè jẹ́ pé ìdí òṣèlú tó dáa wà fún kíkó olú ìlú kúrò lójú kan. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Kì í kàn ṣe oògùn fún ohun tí ẹ ń bá jà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á dárúkọ Shenzhen fún yín. Wọ́n á ní ìlú kékeré ni, pé 1980 ni wọ́n sọ ọ́ di agbègbè ọrọ̀ ajé àkànṣe, tó fi di ìlú 17.56 mílíọ̀nù èèyàn nínú ìkànìyàn 2020. Òótọ́ ni. Ẹ wá ní kí wọ́n tún wo máàpù: ìkángun ìlú náà ni Hong Kong wà. Owó, ọ̀gá ilé iṣẹ́, èbúté àti oníbàárà ń bẹ lódì kejì, ẹnubodè ló kàn dí wọn. Ẹnubodè tí wọ́n ṣí ló kọ́ Shenzhen. Táílàǹdì náà ṣe tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1980: dípò kí gbogbo rẹ̀ máa rọ́ lu Bangkok, wọ́n la èbúté Laem Chabang sí etíkun, nǹkan bí 130 kìlómítà sí Bangkok, ilé iṣẹ́ mọ́tò àti ti kẹ́míkà sì tẹ̀ lé e. Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé ó sún mọ́. Àmọ́ Isan, àríwá ìlà-oòrùn tí òṣì ti pọ̀ jù, ò rí ohun tó pọ̀ gbà níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn, mi ò sì tíì rí ẹni tó yanjú rẹ̀ tán: ibi tó sún mọ́ ìlú ńlá rọrùn láti gbé dìde àmọ́ kò ran ibi jíjìn lọ́wọ́, ibi jíjìn sì ni ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀.

Ó dáa, kí wá ni ṣíṣe?

Ẹ lọ dúró sí etí ìlú yín lọ́jọ́ kan. Oko ẹnì kan nìyẹn, hẹ́kítà mẹ́rin. Owó ilé ìwé ọmọ ká a mọ́, ó ta hẹ́kítà kan. Ẹni tó rà á mú tépù wá, ó fi ọ̀nà mítà mẹ́rin sí àárín, ó gé ìyókù sí púlọ́ọ̀tì 16. Mítà mẹ́rin, torí pé ilẹ̀ tó bá fi sílẹ̀ fún ọ̀nà, kò ní rí i tà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oníoko ìkejì náà tà. Ẹni tó ra tirẹ̀ la ọ̀nà pẹ̀lú, àmọ́ ó yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ilé bẹ̀rẹ̀, ògiri dìde, ẹni tó wà nígun na ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síta díẹ̀. Lọ́dún karùn-ún, mọ́tò panápaná ò lè wọlé, páìpù omi ò rí ibi gbà. Ẹ wá ọ̀daràn kan fún mi níbẹ̀, ẹ ò ní rí. Kálukú ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣaláìsí: ẹni tó yẹ kó ti débẹ̀ kí tépù tó dé, kó sọ pé láti ibí dé ọ̀hún, mítà 30, ti ọ̀nà ni.

Iṣẹ́ yín nìyẹn. Àwọn ọ̀nà mítà 30 ní fífẹ̀, kìlómítà kan síra wọn, lóròó àti níbùú, ní gbogbo ìhà tí ìlú ń yọ sí. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà ò tó 6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ ṣírò ó wò. Ẹni tó bá wà láàárín gbùngbùn àgbègbè kọ̀ọ̀kan ò ní jìnnà ju nǹkan bí 500 mítà sí ibi tí bọ́ọ̀sì lè gbà. Abẹ́ rẹ̀ náà ni páìpù omi ńlá àti ti ìdọ̀tí máa gbà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ò ní láti da ọ̀dà sí i lónìí. Òkúta ààlà, ìwé tó dúró lábẹ́ òfin, owó gbà-má-bínú tó tètè tó àwọn tó ni ilẹ̀ lọ́wọ́, àti ọ̀nà eruku tí mọ́tò ń gbà lójoojúmọ́ kẹ́nikẹ́ni má bàa kọ́lé sí i. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ìlà tó wà lórí bébà nìkan kì í ṣọ́ ara rẹ̀.

Iye wo ni kí ẹ yà sílẹ̀? Ó yẹ kó tó ti ọdún 30, kì í ṣe ti ọdún márùn-ún tí àwọn olóṣèlú ń ná. Ẹni tó ń rán aṣọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta kì í wọn ọ́n mọ́ ọn lára gbọ́ngbọ́n. Ní 1811, nígbà tí New York ní nǹkan bí 100,000 èèyàn péré, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ya òpópónà Manhattan títí dé òpópónà 155, bẹ́ẹ̀ oko, àpáta àti àbàtà ló wà lọ́pọ̀ ibẹ̀. Wọn ò lówó láti kọ́ wọn. Ìlà nìkan ni wọ́n ní, ìlà náà sì tó. Ní àwọn ọdún 2010, Shlomo Angel, onímọ̀ nípa bí ìlú ṣe ń fẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá Adama, Bahir Dar, Hawassa àti Mekelle ní Etiópíà ṣe irú iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fúnra wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ kan rí tó lo ọdún mẹ́fà lórí ètò ìlú aláwọ̀ mèremère. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí i, mo ká a mọ́ abíyá, mo lọ sójú ilẹ̀. Ojú ọ̀nà tí a yà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan àti ilé mọ́kànlélógún ló jókòó lé e. Láti ọjọ́ náà, ètò jágajàga tó tètè dé wù mí ju èyí tó dán tó pẹ́ lọ.

Àwọn àdúgbò tó ti kún ńkọ́, níbi tí kò sí gọ́tà? Ẹ má fọ́ wọn. Ẹ wo àdúgbò Orangi ní Karachi, ní Pàkísítàn. Láti 1980 ni Akhtar Hameed Khan, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè àwùjọ, ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú òpó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀nà tóóró kan tí bí ogún sí ogójì ilé kọjú sí. Àwọn ará òpó yan aṣáájú láàárín ara wọn, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ wá wọn ibi tí omi máa ṣàn gbà, wọ́n ṣírò iye tí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe ri páìpù. Ilé ìgbẹ́ nínú ilé, páìpù nínú òpó, àwọn ará ibẹ̀ ló sanwó rẹ̀, iye rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti kọ́ńtíráàtì ìjọba. Ti ìjọba ni kòtò ńlá tó gbà á lọ àti ibi tí wọ́n ti máa sọ omi náà di mímọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kọsẹ̀: àwọn ará òpó ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí náà ṣì ń ṣàn lọ sínú odò torí pé ti ìjọba ò tètè dé. Ẹ fi èyí pín iṣẹ́ nínú ìwé yín: ohun tí òpó kan ò lè dá ṣe láéláé ni kí owó ìjọba lọ.

Ó ku àwọn ìlú kéékèèké. Àwọn ìlú gbàràmù ló máa ń wà nínú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìṣirò wọn ní 2018, nǹkan bí ìdajì àwọn ará ìlú lágbàáyé ló ń gbé ní ìlú tí èèyàn rẹ̀ ò tó 500,000. Ẹnì kan nínú mẹ́jọ péré ló wà ní ìlú tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ní ẹkùn Kagera ní Tànsáníà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn èèyàn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 títí di 2010, ibi yòówù kí wọ́n ṣí lọ. Nínú àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ òṣì, nǹkan bí ìdajì ló bọ́ nípasẹ̀ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko ní ìgbèríko tàbí ní ìlú kékeré. Ẹnì kan nínú méje péré ni ìlú ńlá yọ. Àwọn tó dé ìlú ńlá rí owó jù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mi ò bò ó. Wọn ò kàn pọ̀. Ìlú kékeré sún mọ́ ilé, owó ọkọ̀ rẹ̀ ò wọ́n, èèyàn sì lè máa padà lọ dáko rẹ̀ bí iṣẹ́ bá bọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìlú kékeré lẹ máa fún lówó o. Bí ẹ bá pín in fún ogójì, á di ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí ẹ ṣe máa yàn rèé: ní ọjọ́ ọjà, kí ìdájí tó mọ́, ẹ rán ọmọ iṣẹ́ méjì lọ sí oríta ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí wọ́n ka ọkọ̀ tó wọlé, èyí tó jáde, ohun tó rù, ibi tó ń lọ. Kí wọ́n dúró títí ọjà á fi tú, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n dà nù. Ìlú tí ọkọ̀ ti ń wọ láti ìhà mẹ́rin, tí irè oko ń bà jẹ́ níbẹ̀ torí pé kò sí ibi ìkẹ́rùsí tàbí torí pé odò gé ọ̀nà kan, ìyẹn ti fi ara rẹ̀ hàn. Ó lè jẹ́ afárá kan àti iná tó dúró ni gbogbo ohun tó nílò. Ìlú tí ọkọ̀ ò wọ̀ rárá, bí ẹ kọ́ ọjà alájà mẹ́ta síbẹ̀, ewúrẹ́ ló máa sùn síbẹ̀.

Lórí owó, ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ èyí tó sún mọ́ yín jù wà nínú ilẹ̀ náà. Ọjọ́ tí ẹ bá kéde ọ̀nà ni owó ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ti gòkè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ín ò ṣe nǹkan kan. Díẹ̀ nínú èrè yẹn yẹ kó padà wá kọ́ ọ̀nà. Ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà, lábẹ́ òfin tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1915, wọ́n máa ń da ilẹ̀ ọ̀pọ̀ onílẹ̀ pọ̀, wọ́n á yọ ti ọ̀nà, ti ilé ìwé àti èyí tí ìjọba máa tà láti fi ṣe iṣẹ́, wọ́n á wá pín ìyókù padà fún wọn ní púlọ́ọ̀tì tó gún régé. Ẹni tó mú 1,000 mítà níbùú lóròó wá lè gba bí 600 padà, síbẹ̀ kí 600 yẹn níye lórí ju 1,000 tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọ̀nà ti dé ẹnu rẹ̀. Lọ́nà yìí ni wọ́n fi rí ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀nà kìlómítà 76 tó yí Ahmedabad ká. Láti 1921 ni Kòlóńbíà ti ní òfin tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ ìjọba gbé owó ilẹ̀ wọn sókè. Ìkìlọ̀ kan: ètò dída ilẹ̀ pọ̀ ń tọ́jú ẹni tó ní ìwé. Ayálégbé àti alágbàro tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíì ò ní rí nǹkan kan gbà àfi bí ẹ bá kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀nà, ti omi, ti ilẹ̀ àti ẹ̀yin jọ ń lo máàpù kan náà. Ibi tí mo ti rí i tí ètò fọ́ jù nìyẹn. Àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Bí àwọn ọ̀gá yín bá wá kọ̀ jálẹ̀ pé dandan ni ilé iṣẹ́ irin, ẹ má jà. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sẹ́bàá ìlú kan tó ti wà, tó ní rélùwéè tàbí èbúté. Kí ẹ sì rí i pé ẹ ti wọn ilẹ̀ ilé àwọn tó máa kọ́ ọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà àti omi rẹ̀, kí bíríkìlà àkọ́kọ́ tó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.